Títí Ẹnubodè Yóò Fi Ṣí

Ẹlòmíràn a máa pàdé olólùfẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà odò, ẹlòmíràn a sì pàdé tirẹ̀ níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, pẹ̀lú àtíkè lójú àti bàtà gíga lẹ́sẹ̀. Ti Àṣìkẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ọ̀dàn ni ìfẹ́ ti bá a, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó dorí kodò sí tó ń sín bí ewúrẹ́ tó gbé ata mì.

Ọjọ́ ìkórè ni, ní ìparí ọdún 1983. Ọyẹ́ ti bo ìlú mọ́lẹ̀, gbogbo nǹkan sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ayé láti inú yẹ̀rì funfun. Àwọn akọrin Ayétòrò ló wá bá wọn ṣe ìkórè. Àṣìkẹ́ náà jẹ́ akọrin, ó sì jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, ọmọ Ìlarò tí gbogbo ìyá ìjọ ń pè ní ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí oníwàásù bá ti ṣí Bíbélì báyìí, imú ọmọ dáadáa a bẹ̀rẹ̀ sí í pè é jáde. Aáṣáà ni.

Eyín ló kó o bá a. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, eyín kan ń dùn ún títí tó fi ń fi orí gbá ògiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó fi aáṣáà dí ihò rẹ̀. Eyín san, aáṣáà kò lọ. Láti inú eyín ló ti gun imú, ọdún méje sì rèé, agolo kékeré kan kò kúrò létí ìró rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí."

Àṣìkẹ́ gbé orí sókè. Omi ti kún ojú rẹ̀, nítorí náà ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ kò hàn kedere. Ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú omijé àti ọyẹ́ bí ẹni tí wọ́n yà sójú odò. Ohun tó kọ́kọ́ rí dáadáa ni àlàfo eyín rẹ̀.

"Ṣé ọ̀fìnkìn ni?"

"Ọ̀fìnkìn ni," ni Àṣìkẹ́ dáhùn, ó sì yára fi agolo pamọ́. "Ọyẹ́ yìí kò bá mi lára mu rárá."

Ọkùnrin náà fa áńkáṣíìfù funfun báláú yọ, ó nà án sí i. Ó ní Micah Ọ̀ṣunníyì lorúkọ òun, pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn nílé-ìwé gíga kan ní Ayétòrò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ dẹ̀ẹ̀, ó ń dún nínú àyà ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àṣìkẹ́ gba áńkáṣíìfù, ó fẹ́ fi nu imú bí ọmọlúàbí, àfi hàáṣì! Ó sín lù ú láyà. Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ì bá wọlé tayọ̀tayọ̀.

Micah wo àyà ẹ̀wù rẹ̀. "Ó dáa o," ló wí. "A ti di ojúlùmọ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó gun alùpùpù dé, ó gbé ìdì efinrin kan àti ìgò oyin lọ́wọ́. Ó ní fún ọ̀fìnkìn náà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, efinrin mìíràn. Wọn a jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, òórùn ewé tútù náà a máa yí wọn ká, Micah a máa ròyìn ọgbà ilé-ìwé rẹ̀ àti ọ̀pẹ kéékèèké tó ń gbìn síbẹ̀, Àṣìkẹ́ a máa wo ọwọ́ rẹ̀ tí erùpẹ̀ wà lábẹ́ èékánná. Nígbà tí ó bá lọ, ariwo alùpùpù náà kì í tán létí rẹ̀. Yóò máa se ọbẹ̀, yóò máa gbọ́ ọ. Yóò máa kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ, yóò kọ Micah.

"Ọ̀fìnkìn wo ni kì í san yìí?" Toheebat ló bi í bẹ́ẹ̀, obìnrin onídìrí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tó sì ń dirun kiri láti Òkè-Ọ̀dàn títí dé Ayétòrò. "Ọkùnrin yìí máa já efinrin ilé ayé tán nítorí irọ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n Toheebat, ẹ má pariwo. Màá sọ fún un."

"Nígbà wo? Tó o bá bí ọmọ méjì?"

Àṣìkẹ́ kò lè sọ. Irọ́ tó ń pa fún Micah sì kọ́ ló dùn ún jù. Tó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ láti gbàdúrà, kó tó dé ìdajì ni imú ti ń yún un, àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ó ń kúrú, títí ó fi di pé "Àmín" ń fẹ́ ṣáájú "Bàbá wa." Ó ti pẹ́ tó ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láìkánjú. Ó dà bí ẹni tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò jókòó, tó kàn ń tilẹ̀kùn lọ tilẹ̀kùn bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìjọba ológun fi ti ẹnubodè ní oṣù kẹrin ọdún 1984.

Ọjà Òkè-Ọ̀dàn rọ wọ̀ọ̀. Ìrẹsì kò wá mọ́, aṣọ kò wá mọ́, ewé tábà tó ń ti Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè wá náà kò wá mọ́. Bàrúwà tó ń ta aáṣáà, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀ọ́kán fèrèsé Àṣìkẹ́ gan-an, wá ń ta nǹkan kan tó lọ eérú mọ́. Àṣìkẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ títí ilé-ìwé fi parí, ló bá dà á nù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí ń fọ́ ọ. Ọmọ tó gba ìṣirò ló ń bú, èyí tó gbà á sódì ló ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ara òun fúyẹ́. Ó gbọ́ òórùn òjò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ti tó ọdún méje tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó bú sẹ́kún.

Ìtúsílẹ̀ dé nìyẹn, àbí kí ni wọ́n tún ń pè é? Ní oṣù kẹjọ, nígbà ìjẹ́rìí, Àṣìkẹ́ dìde lójú gbogbo ìjọ. Micah wà níbẹ̀, ó jókòó sápá ọ̀tún.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọdún méje ni mo fi ń fín aáṣáà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo ti ń fín in. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti tú mi sílẹ̀ pátápátá. Kò ní wù mí mọ́ láé!"

Ìjọ hó yèè. Micah dorí kọ ilẹ̀. Ẹ̀rù ba Àṣìkẹ́, ó rò pé ẹkún ló ń sun, àfi ìgbà tó rí i pé ẹ̀rín ló ń mi èjìká rẹ̀.

"Gbogbo efinrin yẹn ńkọ́?" ló bi í nígbà tí wọ́n jáde.

"Mo fi se ọbẹ̀."

"Oyin ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Toheebat lá a."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá kọjú sí i. "Àṣìkẹ́, ó wù mí kí n fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n má parọ́ fún mi mọ́."

Àṣìkẹ́ ní òun ò ní parọ́ mọ́. Ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òwú.

Ìyá Micah ni olórí àwọn ìyá ìjọ ní Ayétòrò, obìnrin gbàǹgbà tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé kí òun tó dé. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́, ó gbá ọwọ́ mọ́ra. "Aláṣáà? Èmi! Kí n gba aláṣáà wọlé?" Toheebat ló di alárinà. Ó gbọ̀nà Ayétòrò lọ, ó bá ìyá dirun lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń dá ọ̀rọ̀ sí i létí bó ti ń dì í. "Màmá, ẹ̀rí ló jẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí gan-an, orí mi wú." Kí irun tó tán, ọkàn ìyá ti rọ̀. Ó ní bí Ọlọ́run bá ti tú u, ta ni òun tí òun máa tún so ó? Wọ́n dá oṣù kọkànlá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá fẹ́: kí Àṣìkẹ́ wá jẹ́ ẹ̀rí náà ní ọjọ́ àwọn ìyá ní Ayétòrò, kí gbogbo ẹgbẹ́ òun lè gbọ́ ọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé ni Bàrúwà nahùn sí Àṣìkẹ́ láti ìsọ̀.

"Tíṣà! Ẹ wá wo ojúlówó. Ti Àjàṣẹ́ ni. Ẹnì kan gba ojú igbó gbé díẹ̀ wá."

"Bàrúwà, mo ti fi í sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kẹ́ ẹ wò ó ni."

Ó ṣí ewé tó fi pọ́n ọn. Òórùn náà gbé Àṣìkẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ ohùn ẹni tó ti kú. Ó ní òun kàn fẹ́ kí i ni. Ẹni tó bá kí nǹkan, á kí i, á sì lọ. Ó bù ṣín-ún. Ọjọ́ kejì ó tún padà wá kí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, agolo ti padà sétí ìró.

Ìgbà yìí ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Nígbà tí kò rí i rà, ó pè é ní ìṣẹ́gun. Ṣọ́jà ló ti ọ̀nà, òun ló ń jẹ́rìí. Nísinsìnyí, tó bá sọ òótọ́, Micah lọ. Tó bá parọ́, yóò ní Micah, ṣùgbọ́n kò ní lè wo ojú rẹ̀, kò sì ní lè wo ojú Ẹni tó wà lókè.

"Jẹ efinrin sẹ́nu kó o lọ jẹ́rìí ẹ," ni Toheebat gbà á nímọ̀ràn. "Tó o bá délé ọkọ tán, wàá rọra máa jáwọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Tí n kò bá wá jáwọ́ ńkọ́?"

Toheebat kó ìyarun rẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. 

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ìyá Ayétòrò jókòó lọ bí òdòdó, gèlè funfun lórí gèlè funfun. Micah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àṣìkẹ́ di tábìlì mú.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní Òkè-Ọ̀dàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ti tú mi sílẹ̀. Ẹnubodè tí wọ́n tì ni kò jẹ́ kí n rí i fín. Nígbà tí wọ́n gbé e wá síwájú mi, mo bù ú. Mo bù ú láàárọ̀ yìí pàápàá kí n tó wọ mọ́tò."

 Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a. Ìyá Micah dìde, gèlè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Lóde, kò pariwo. Èyí sì bani lẹ́rù ju ariwo lọ. "Ọmọ yìí, o dójú tì mí. Ẹni tí kò rí ẹran rà kò lè sọ pé ààwẹ̀ lòun ń gbà. N ò ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan í ṣe. Ọjọ́ tí ẹnubodè bá ṣí, tó jẹ́ pé aáṣáà ń bẹ lójúde rẹ tí ọwọ́ rẹ kò kàn án, ọjọ́ náà la tó máa sọ̀rọ̀."

"Màmá, ta ló mọ ìgbà tó máa ṣí?" ni Micah wí.

"Ẹ lọ bi ṣọ́jà."

Micah sin Àṣìkẹ́ dé ibùdókọ̀.  Àṣìkẹ́ ní, "Tó o bá fẹ́ lọ fẹ́ ẹlòmíràn, n ò ní bínú."

"Irọ́ nìyẹn. O ní o ò ní parọ́ fún mi mọ́."

"Màá bínú," ni Àṣìkẹ́ wí, ó sì bú sẹ́kún. "Màá bínú gan-an ni!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni mí, Àṣìkẹ́. Ṣé ìdúró ló máa wá pa mí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìyá Micah kò sì ran ìdúró náà lọ́wọ́, nítorí kò sí ilé tó wọ̀ tí kò ti ròyìn ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé Ayétòrò pàápàá ń pe Àṣìkẹ́ ní Àǹtí Aláṣáà tí wọn kò rí i rí.

Toheebat ń gbé lẹ́tà lọ, ó ń gbé e bọ̀. Micah kọ̀wé pé, "Koríko èkan ló wà nínú ọgbà wa. Ẹni tó bá fi àdá gé e lórí a máa rò pé òun ti ṣẹ́gun, tí òjò bá rọ̀ ó tún yọ. Ìsàlẹ̀ ni kí o wá a lọ." Àṣìkẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi há a lórí. Ó wá a lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì rí i pé òun kò fín aáṣáà lójú ará ìjọ kankan rí láyé òun. Ẹ̀yìnkùlé ni ìwà náà ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń sanra. Ló bá lọ bá obìnrin mẹ́ta nínú àwọn akọrin, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti ń pè mí, ilé yín ni màá sá wá. Ẹ má lé mi." Ló bá di pé nígbà mìíràn, obìnrin kan ń fọ aṣọ, Àṣìkẹ́ á já wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, á bá a bọwọ́ sínú ọṣẹ, á máa fọ ṣòkòtò ọkọ ọlọ́kọ kíkankíkan. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ ọ́ sí Micah kí ilẹ̀ tó ṣú.

Díẹ̀díẹ̀ àdúrà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kàn ń jókòó ni, bí ọmọ tó lọ lo ìsinmi nílé bàbá rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lé e.

Lọ́jọ́ Sátidé mìíràn, Micah a wá, wọn a rìn lọ sójú títì tó lọ sí ẹnubodè. Kò sí mọ́tò níbẹ̀ mọ́. Koríko ti ń hù láàárín ọ̀dà, labalábá ń fò níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń pariwo tẹ́lẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ a sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ títí lọ, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ de àlejò tí kò dé. Gbogbo ìlú ń gbàdúrà kí ọ̀nà náà ṣí nítorí ìrẹsì. Àwọn méjèèjì ń gbà á nítorí ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n tí Àṣìkẹ́ bá ti wí pé "kó ṣí," ọkàn rẹ̀ a rọra wí lábẹ́lẹ̀ pé, "kó má tíì ṣí ná."

Ó ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986. Rédíò wí i láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn obìnrin Òkè-Ọ̀dàn ti ń jó lójúde. Toheebat fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àṣìkẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ọjà ná. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ sí Micah pé:

"Má wá lọ́jọ́ ọjà. Bàrúwà máa pàtẹ ọjà sábẹ́ fèrèsé mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé kò ní wù mí mọ́ láé. N kò ní sọ ọ́ mọ́. Tí mo bá ṣubú, màá sọ fún ọ. Tí n kò bá ṣubú, n kò mọ̀ bóyá ti ọjọ́ ọjà kejì máa rí bẹ́ẹ̀. Bá mi bẹ Ọlọ́run."

Toheebat gbé lẹ́tà lọ. Ó padà dé, kò wo ojú Àṣìkẹ́ dáadáa. "Micah ò sí nílé. Ìyá ẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n Toheebat! Ẹ fún ìyá ẹ̀!"

"Ó ti já a kí n tó la ẹnu."

Ilẹ̀ ọjọ́ ọjà mọ́. Àṣìkẹ́ ti ti fèrèsé, ó ń gbọ́ ohùn Bàrúwà tó ń pàtẹ, nígbà tí ẹnì kan fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Ìyá Micah ni. Ó ru abọ́ ńlá kan tó kún fún ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó.

"Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni mo wọ̀," ló wí, láìdúró de ìkíni. "Ṣé kí n máa dúró síta ni?"

Àṣìkẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ… ẹ ka lẹ́tà mi?"

"Mo kà á. Lẹ́tà tí kì í ṣe tèmi, mo já a, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì." Ìyá jókòó sórí àpótí, àpótí ké. "Wò ó, ọmọ yìí. Ìwọ, aáṣáà. Èmi, òfófó. Tí mo bá rí èèyàn méjì tó dúró, ẹsẹ̀ mi á ti máa yá. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ Ayétòrò ní orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́. Ogójì ọdún ni mo ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n ò dìde jẹ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí o ní kò ní wù ọ́ mọ́ láé, mo gbà ọ́ gbọ́, mo sì ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀wé pé ẹ̀rù ń ba òun, ẹni yẹn ni mo lè fi ilé ọmọ mi lé lọ́wọ́. Ó sì dà bí ohun tí kò dáa pé kó o dá jókòó lónìí. Ó yá, bó ẹ̀gúsí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ọjà kún, ariwo dà bí òjò lórí páànù. Nígbà tó di ọ̀sán, òórùn náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ti Àjàṣẹ́ ni, ojúlówó. Ẹ̀gúsí ń bọ́ lọ́wọ́ Àṣìkẹ́ sílẹ̀ fọ̀ọ́fọ̀ọ́.

"Ó ń wù ọ́?"

"Ó ń wù mí, Màmá. Ó ń wù mí gidigidi."

"Mo gbọ́. Èmi náà, obìnrin méjì ló dúró lẹ́yìn fèrèsé yìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ ẹnì kan. N ò tíì gbọ́ orúkọ ọkọ náà, ó sì fẹ́ pa mí. Máa bó ẹ̀gúsí."

Àṣìkẹ́ wò ó. Ìyá náà wò ó. Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, títí àwọn obìnrin ẹ̀yìn fèrèsé fi bínú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, òórùn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dà bí ohùn ẹni tó ń pe ẹlòmíràn. Wọ́n ń bó o lọ. Oòrùn gba ihò ilẹ̀kùn wọlé, ó ń rọra rìn lórí ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ Àṣìkẹ́ dé ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni alùpùpù dún lóde. Micah já wọlé pẹ̀lú eruku lójú, ó bá àwọn méjèèjì nílẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí nínú irun wọn.

"Màmá! Gbogbo Ayétòrò ni mo ti wá yín dé."

"O wá rí mi. Kí lò ń wò? Bàrúwà ti ń pálẹ̀ ọjà ẹ̀ mọ́, kò rí kọ́bọ̀ ìyàwó ẹ gbà. Lọ sọ fún bàbá ẹ kó fọ agbádá. Sátidé tó ń bọ̀, à ń lọ kí àwọn àna wa ní Ìlarò."

 Àṣìkẹ́ fẹ́ dìde kí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Micah fà á dìde, ẹ̀gúsí sì tú ká ilẹ̀ bí ìrì.

"Ẹ máa ṣa gbogbo ẹ̀ o," ni ìyá wí. "Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù."